Ọmọ Tó Gbàdúrà fún Ẹsẹ̀ Mi

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ máa ń bi mí báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ mọ Ọlọ́run láyé ìgbà tiwa, pé ó jọ pé àwọn ọmọ ìgbà náà níbẹ̀rù Ọlọ́run ju ti ìsinsìnyí lọ. Mo máa ń rẹ́rìn-ín ni, n ó sì yí ọ̀rọ̀ padà sí nǹkan mìíràn. Lónìí, n kò ní yí i padà. Tọ́lá, ọmọ-ọmọ mi, ló jókòó tì mí tó ń bá mi kọ èyí, nítorí pé èmi kò mọ̀wé. Mo ti kìlọ̀ fún un: ibi tí mo bá ti bú ara mi, kó má fi oyin sí i.

Ọdún tí wọ́n ní kí mọ́tò fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ kó máa gba ọwọ́ ọ̀tún ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-ìwé ìjọ kan ní Yábàá. Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti tẹ̀lé ọkọ mi wá. Òun ń já ẹrù ní Ìdó, níbi tí rélùwéè parí sí. Ìyàwó àlùfáà ló bá mi wá iṣẹ́ náà. Mo ń gbálẹ̀, mo ń pọnmi sí ìkòkò, mo sì ń lu agogo. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Alágogo. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí, kò sẹ́ni tó bi mí.

Bí ẹ bá dé ọgbà ilé-ìwé náà láàárọ̀, ẹ ó rò pé ẹyẹ ẹ̀ga ló bà sí i. Rélùwéè yóò máa han lọ́ọ̀ọ́kán, ọmọ yóò máa gba ẹnu ọ̀nà wọlé ní méjì-méjì, ẹni tó gbé ìjókòó, ẹni tó ru ọwọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti lu agogo, ẹ ó gbọ́ bí ewé igi fúrúùtù ṣe ń já bọ́ sílẹ̀. Àdúrà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, àdúrà ni wọ́n fi ń jẹun, àdúrà ni wọ́n fi ń yó, àdúrà ni wọ́n fi ń lọ sílé. Ọmọ tó bá ju gàrí sẹ́nu kí wọ́n tó dúpẹ́, yóò tu ú dà ni. Wọ́n mọ Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì lórí, wọ́n mọ Òfin Mẹ́wàá lórí, wọ́n mọ Sáàmù bí ọmọ yín ṣe mọ orin inú fóònù. Bí ọjọ́ Ìmọ̀-ọ̀pẹ bá dé, gbogbo wọn á mú màrìwò lọ́wọ́, a ó yí Yábàá ká, àwọn tó ń bẹ nínú bọ́ọ̀sì á máa yọjú wò wá. Orin wọn ń já gaara.

Ẹ jẹ́ kí n pa yín lẹ́rìn-ín díẹ̀ ná, ẹ̀rín kò pọ̀ níwájú. Èmi tí mo ń lu agogo yìí, n kò mọ aago í kà. Tíṣà obìnrin kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Mísì, nítorí pé kò tíì lọ́kọ. Òun ló fi ọ̀dà pupa kán ojú gíláàsì aago ọ̀gá ilé-ìwé lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní bí ọwọ́ kúkúrú bá ti dé abẹ́ pupa, kí n lù ú. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kò sẹ́ni tó mọ̀. Àfi Sátidé kan tí mo ń nu ọ́fíìsì. Mo rí ẹ̀gbin lójú aago, mo fi àkísà tí mo rì sínú kẹrosíìnì nù ún, ó ń dán gbinrin. Ní Mọ́ńdè, mo dúró níwájú aago bí ère. N kò rí pupa, n kò rí ohunkóhun. Àwọn ọmọ ń yọjú lójú fèrèsé.

"Màmá, ebi ń pa wá o!"

"Màmá, ṣé áńgẹ́lì ló máa wá bá yín lù ú ni?"

Ọ̀gá jáde, ó wo aago, ó wò mí, ó wo àkísà. Ó ní, "Ìyá Alágogo, ìmọ́tótó yín yìí máa pa wá."

Ọ̀gá yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọkùnrin gíga ni, ó máa ń wọ ṣòkòtò kúkúrú funfun, ó sì gbà tọkàntọkàn pé ọmọ tí a kò fi ẹgba tọ́ sọ́nà Olúwa, èṣù ni yóò fi irú tirẹ̀ tọ́ ọ. Gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè ló máa ń dúró níwájú ilé-ìwé, á na pàṣán sí ọmọ kan: "Ìwọ, kí ni àlùfáà wàásù lé lórí lánàá?" Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹgba mẹ́fà. Ohun tí ó wá dé ni pé àwọn tí kò lọ yóò dúró de àwọn tó lọ lẹ́nu géètì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bùn mí ní ìwàásù." Wọ́n ń fi ẹ̀pà gba ìwàásù lọ́wọ́ ara wọn! Lọ́sẹ̀ kan, ẹni tí ń pín in fún wọn kò lọ rárá, ó kàn ro ìwàásù Nóà jọ fúnra rẹ̀, ó pín in káàkiri. Ó ṣẹlẹ̀ pé lọ́jọ́ Ìsinmi ọ̀hún, orin ni wọ́n fi ṣe gbogbo ìsìn, àlùfáà kò wàásù. Ọmọ mọ́kànlá ló wọ inú ọkọ̀ Nóà lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ Nóà yìí ló bí káàdì. Wọ́n tẹ káàdì pélébé fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní lẹ́nu ọ̀nà Sọ́ńdè Sùkúù ni wọn yóò ti máa lu òǹtẹ̀ sí i. Igi ni òǹtẹ̀ náà, wọ́n gbẹ́ àgbélébùú sí ìdí rẹ̀. Ta ni yóò dì í mú? Ọ̀gá ní kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó mọ̀wé, iṣẹ́ ẹni tó mọ ojú ọmọ ni. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ sílé-ìwé, kò lè yé yín. Èmi tí mo ń fi àtàǹpàkò tẹ̀wé owó oṣù, èmi ló wá di ẹni tó ń tẹ̀wé fún ọmọ akọ̀wé, ọmọ dókítà. Àwọn ìyá wọn tí kì í kí mi tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi. "Ìyá Alágogo, ẹ bá mi wo káàdì ọmọ mi o." Ara mi yá gágá. Mo ń fi òróró nu igi náà lálaalẹ́ Sátidé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ bàtà kí èyí tó kù lè yé yín. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba ló kún ibẹ̀, wọ́n dé fìlà òyìnbó, wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀. Mo jókòó ti ọ̀kan. Kò sọ̀rọ̀ sí mi o. Ó kàn fa etí aṣọ rẹ̀ mọ́ra kó má baà kan ẹsẹ̀ mi. Mo rí i. Lóṣù yẹn, mo lọ sí Ọ̀yìngbò, mo ra bàtà aláwọ dúdú kan nínú bọ́síkọ́nà, àlòkù òyìnbó. Ó fún mi lẹ́sẹ̀. Ẹni tó tà á ní, "Ìyá, awọ ni, á fẹ̀." Kò fẹ̀ o. Ọdún wo ni yóò fẹ̀? Mo ń wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ìka ẹsẹ̀ mi ń sunkún nínú rẹ̀. Bí kò bá sí ènìyàn, n ó bọ́ ọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, n ó sinmi díẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì Mísì, Morẹ́nikẹ́ lorúkọ rẹ̀, a ń pè é ní Rẹ́nikẹ́. Yóò tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìyá rẹ̀ ń ta ọṣẹ dúdú ní Mùṣín, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ. Ọmọ náà mọ àdúrà gbà. Kì í ṣe pé ó pariwo. Bí ẹni ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé ló ṣe ń gbà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá ní kí ọmọ tí Ẹ̀mí bá gbé jáde wá gbàdúrà fún ilé-ìwé. Rẹ́nikẹ́ bọ́ síwájú, ó dijú.

"Bàbá, ẹ ṣé tí ẹ jí wa. Ẹ rántí bàbá tó ń ṣọ́ géètì wa, ikọ́ kì í jẹ́ kí wọ́n sùn. Ẹ rántí Mísì wa, ẹ fún wọn lọ́kọ gidi."

Gbogbo ọgbà bú sẹ́rìn-ín. Mísì fúnra rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín jù. Ó na ọwọ́ sókè, ó ní, "Àmín o! Kó tètè dé!"

Rẹ́nikẹ́ kò lajú. Ó ní, "Ẹ rántí Ìyá Alágogo wa. Bàtà wọn kéré jù fún wọn, wọ́n máa ń bọ́ ọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ wọn ti wú. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn wo ẹsẹ̀ wọn."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Àwọn tíṣà wo ẹsẹ̀ mi. Ọ̀gá wo ẹsẹ̀ mi. Ìyá ọmọ kan tó wá san owó ilé-ìwé náà wo ẹsẹ̀ mi. Mísì tí wọ́n sọ ti ọkọ rẹ̀ ní gbangba gbà á bí àdúrà. Èmi gbà á bí èébú. Títí di òní, kò tíì sí ẹlòmíràn tó dárúkọ ẹsẹ̀ mi níwájú Ọlọ́run, n kò sì mọ̀ pé oore ni. Inú mi le bí òkúta. N kò sọ fẹ́nì kankan. Mo kàn ń dúró de ọjọ́ Ìsinmi.

Àwọn aláṣọ funfun kì í wọ bàtà sí sùtánà wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ yìí yóò bá ìyá rẹ̀ lọ sí ìsìn àfẹ̀mọ́jú wọn ní Mùṣín, yóò wá sáré wá bá wa ní Yábàá, tòun ti sùtánà, ẹsẹ̀ lásán, kí ó lè gba òǹtẹ̀. Bàtà kan ṣoṣo tó ní, ti ilé-ìwé ni, ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi kó má baà gbó. Mo ti ń tẹ káàdì fún un bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi ọ̀hún, mo na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà.

"Níbo lò ń lọ?"

"Sọ́ńdè Sùkúù, mà."

"Báyìí? Ṣé odò lò ń lọ ni? Bàtà rẹ dà?"

"A kì í wọ̀ ọ́ sí sùtánà, mà. Ìyá mi ní..."

"Ní tìyá rẹ nìyẹn. Níbí, a kì í fi ẹsẹ̀ lásán wọ ilé Ọlọ́run."

Ta ló ṣe òfin yẹn? Èmi ni. Ẹnu ọ̀nà yẹn náà ni mo ti ṣe é. Àlùfáà kò sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà lọ jókòó sábẹ́ fèrèsé níta, nínú oòrùn, ó ń gbọ́ ẹ̀kọ́ láti ibẹ̀. Bí wọ́n bá dá orin, ó ń gbè é. Nígbà tí a parí, ó tún padà wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì na káàdì sí mi.

"Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ náà, mà. Ẹ bi mí ní èyí tó bá wù yín."

Mo ní, "Èmi kọ́ ló ń bi ni. Òǹtẹ̀ ni mò ń tẹ̀."

Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá a dúró, Mọ́ńdè mẹ́ta ló sì fi gba ẹgba nítorí káàdì tí kò ní òǹtẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo ti ń gbálẹ̀. Mo kàn ń gbálẹ̀ lọ.

Ìkórè àwọn ọmọdé wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀yin kò mọ ìkórè ìgbà yẹn. Iṣu, ọsàn, ìrèké, adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀, tí yóò tú láàárín ìsìn, tí àwọn sáídímẹ́ẹ̀nì tó ń tọ́jú èrò á máa lé e yí pẹpẹ ká. Wọn á ta ohun gbogbo ní gbàǹjo lẹ́yìn ìsìn. Ṣùgbọ́n ohun tó tóbi jù níbẹ̀ ni ọmọ kan tí yóò dúró níwájú gbogbo ìjọ gbàdúrà ọpẹ́ fún ilé-ìwé. Mísì yan Rẹ́nikẹ́. Inú ọmọ náà dùn débi pé ó ń fò lọ sídìí kànga. Òfin wà, ẹni tí káàdì rẹ̀ kò bá pé kò lè dúró níbẹ̀.

Wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá mú káàdì lọ́wọ́, Mísì dúró, Rẹ́nikẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀.

Mísì ní, "Sà, ọmọ yìí kọ orin Sọ́ńdè Sùkúù ọ̀sẹ̀ tó kọjá fún mi láìwo ìwé. Tí kò bá wá, níbo ló ti gbọ́ ọ?"

"Ẹ jẹ́ kí ìyá sọ̀rọ̀," ni ọ̀gá wí. "Ìyá Alágogo, ẹ̀yin lẹ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ yìí, ṣé ó wá ni àbí kò wá?"

Mo rò ó. Bí mo bá ní ó wá, wọn ó ní kí ló dé tí n kò tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ní nítorí bàtà, wọn ó bi mí ta ló ṣòfin bàtà. Wọn ó gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ mi, n ó tún di ẹni tí wọ́n ń fa aṣọ sá fún.

Mo ní, "N kò rí i, sà."

Ọmọ náà gbójú sókè, ó wò mí. Kì í ṣe ìwò ìbínú. Ó ń dúró pé kí n rántí ni. Ẹ̀yin náà mọ ilé wa: ọmọdé kì í wí pé àgbà purọ́. Ọ̀gá ní, "Rẹ́nikẹ́, o gbọ́ ohun tí ìyá wí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ó tún dorí kodò.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ má bínú."

Wọ́n máa ń ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà tó wà lọ́jà. Ọwọ́ mi ni mo fi wọ́ ọ. Bí ọmọ náà ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi jáde, ó tún tẹ orúnkún, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Ọmọ ẹlòmíràn ló gbàdúrà lọ́jọ́ ìkórè, inú ìwé tí bàbá rẹ̀ kọ fún un ló ti kà á. Ó dára, a ṣe àmín. Rẹ́nikẹ́ jókòó sẹ́yìn, ó wọ bàtà ilé-ìwé rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń wọ̀ ọ́ wá, mo sì ń tẹ káàdì fún un, n kò lè wo ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kó gbàdúrà, yóò mi orí. Mísì gbìyànjú títí. Ó ní, "Àbí ìwọ àti Ọlọ́run ti jà ni?" Ọmọ náà ní, "Rárá, mà. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbà á." Ọ̀rọ̀ tó ń sọ nìyẹn títí ó fi jáde kíláàsì kẹfà.

Ìgbà tó yá, ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ ìjọ. Wọ́n ní ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kìrìsìtẹ́nì ni yóò máa jókòó pọ̀, káàdì kò sí mọ́, kò sẹ́ni tó ń bi ọmọ ní ìwàásù. Mísì lọ́kọ, ọkọ gidi ni, wọ́n kó lọ sí Sùúrùlérè. Ọ̀gá fẹ̀yìntì, ó sì kú. Àwọn tí ǹ bá jẹ́wọ́ fún ti lọ. Lóòótọ́, mo ń jẹ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ ni a jọ ń wí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rọrùn láti fi tẹni pamọ́ sínú ti èrò. Ẹ̀yin ní ọmọ ìsinsìnyí kò mọ nǹkan lórí, pé inú fóònù ni Bíbélì wọn wà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwa mọ̀ ọ́n lórí, a sì mọ pàṣán. Nígbà tí ẹ bá ń yìn wá, ẹ máa rántí pé ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà.

Tọ́lá ní kí n sinmi. Ó ku díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo dúró sí Ọ̀yìngbò, mò ń wá bọ́ọ̀sì. Obìnrin kan já ọwọ́ ọmọ méjì sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí títì. "Ìyá Alágogo! Ẹ kò mọ̀ mí mọ́? Rẹ́nikẹ́ ni, mà." Ó yíjú sí àwọn ọmọ rẹ̀. "Ẹ kí màmá. Àwọn ló tọ́ wa ní ọ̀nà Olúwa nígbà tí a wà ní kékeré."

Mo ní kó dìde, kò dìde. Ohun tí mo lè bi í kò ju pé, "Ṣé o ṣì ń gbàdúrà bíi ti ìgbà yẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi kẹ̀, mà? Bàbá wọn ló ń gbà á, àwọn ọmọ náà ń gbà á. Èmi, àmín ni mo máa ń ṣe."

Mo fẹ́ wí pé, o wá, mo rí ọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rí ọ. Mo la ẹnu. Ohun tó ti mọ́ àgbà lára ló jáde. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ní Ọlọ́run yóò bá a tọ́ àwọn ọmọ náà, ó ní, "Àmín." Mo ní kò ní rí ìtìjú, ó ní, "Àmín, mà." Mo ń súre lọ, kí ẹnu mi má baà ṣófo. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó dijú, ó ń ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀.